Oúnjẹ Wo Ló Ń Yọ Inú Yín Lẹ́nu? Ẹ Dán An Wò fún Ọ̀sẹ̀ Méjì

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kò jẹ mọ́ èlé tàbí ìdá owó padà, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀. Àwa ìgbìmọ̀ rí i pé ẹ̀yáwó pàjáwìrì tí àwọn èèyàn wa ń gbà nítorí inú rírun ń pọ̀ sí i. Ẹlòmíràn á ra oògùn inú títí, kò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá sì ń ti ìsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan torí pé ó ń sáré lọ sí ṣáláńgá, oníbàárà rẹ̀ á ti lọ bá ẹlòmíràn kó tó dé.

Ọ̀kan nínú wa, ìyá kan tó ń ti Ìlemọ̀nà lọ ta aṣọ ní ọjà Ọ̀wọ́dé l'Ọ́fà, wá bá wa fún irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ nígbà kẹta. Inú rẹ̀ á máa kùn, á máa wú, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ sì tó lù, ìgbẹ́ gbuuru á ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti sọ fún un pé aráyé ni. A bi í léèrè ohun tó ń jẹ láàárọ̀. Ó ní tíì tí mílíìkì rẹ̀ ki dáadáa ni, pẹ̀lú búrẹ́dì. Bí kò bá sí èyí, ẹ̀kọ gbígbóná tí òun da mílíìkì lé, pẹ̀lú àkàrà. Ó ní òun ti gbìyànjú rí: òun pa mílíìkì, ẹ̀wà, ata, búrẹ́dì àti ẹran tì lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun rù, ó rẹ òun, òun sì padà sídìí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú rírun padà dé, kò sì mọ èyí tó jẹ̀bi nínú wọn.

Ibi tí àṣìṣe wà nìyẹn. Bí owó bá dín nínú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́, a kì í fa gbogbo ìwé náà ya. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yẹ àkọsílẹ̀ wò. Oúnjẹ kan ṣoṣo ni kí èèyàn yọ kúrò, kó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èwo la ó kọ́kọ́ fura sí? Fún àwa Yorùbá tó ti dàgbà, mílíìkì ni. Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì ti Yunifásítì Èkó (ẹni tó wá di mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ wa láti 1985 sí 1992), pẹ̀lú dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Norman Kretchmer, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet. Wọ́n fún àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ní Nàìjíríà ní ṣúgà inú mílíìkì mu, èyí tí wọ́n ń pè ní lactose, wọ́n sì wo bó ṣe ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn Yorùbá tó ti dàgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni ara wọn kò lè lò ó. Àwọn Fúlàní darandaran ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn lò ó láìsí wàhálà.

Ìdí rẹ̀ ni pé èròjà kan wà nínú ìfun ọmọdé tó ń fọ́ ṣúgà yìí sí wẹ́wẹ́. Bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, ara ọ̀pọ̀ wa á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ti ọ̀pọ̀ Fúlàní kì í dín, torí láti ìran dé ìran ni àwọn baba ńlá wọn ti ń fi mílíìkì màlúù ṣe oúnjẹ. Ṣúgà tí kò bá fọ́ á sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ńlá. Wọ́n á jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ á kún inú, omi á sì ya wọ ìfun. Ìyẹn ni kíkùn, ìyẹn ni wíwú, ìyẹn ni gbuuru. Kì í ṣe àrùn, kò sì yẹ kí a tìtorí ẹ̀ yáwó.

Ìyá aláṣọ ra ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò yí oúnjẹ padà. Ó kàn ń kọ ohun tó jẹ, aago tó jẹ ẹ́, àti bí inú ṣe rí (ọmọ rẹ̀ ló ń bá a kọ ọ́). Lẹ́yìn náà ló yọ mílíìkì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ti inú agolo àti oníyẹ̀fun. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni mílíìkì tó fara pamọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà inú páálí, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: bí ẹ bá rí milk, whey tàbí lactose níbẹ̀, ohun kan náà ni. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ bísíkíìtì àti áísìkirimù, nínú búrẹ́dì mìíràn, àti nínú àwọn kókó mímu kan.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, inú ti rọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, a ní kó dá mílíìkì padà. Ó bínú sí wa! Ó ní ṣé a fẹ́ pa òun ni. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé. Inú lè rọ̀ fúnra rẹ̀; àfi bí a bá dá oúnjẹ náà padà, tí wàhálà sì bá a padà, la tó lè dá a lẹ́bi. Ó mu ife kan láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tó wà nílé. Kó tó di ọ̀sán, inú ti ń kùn. Ó dúró títí ara fi balẹ̀, ó wá dán ṣíbí kan wò nínú tíì: kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú ara yìí, wọ́n lè mu díẹ̀, pàápàá pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ̀wà tó ti ń bá ṣọ̀tá látọjọ́ yìí kò jẹ̀bi rárá.

Ẹ̀yin ìyá oníwàrà, ẹ má bínú, a ò ba ọjà yín jẹ́. Bí àwọn Fúlàní bá fi oje bomubomu mú wàrà dì, púpọ̀ nínú ṣúgà náà ló ń bá omi rẹ̀ ro jáde. Nóònò tó ti kan pẹ̀lú, àwọn kòkòrò tó mú un kan ti jẹ nínú ṣúgà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá aláṣọ fi ń jẹ wàrà díndín nínú ọbẹ̀ tí inú kò sì kùn. Wàrà náà, ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegunteegun, àti ẹ̀fọ́ ni kí ẹni tó bá dín mílíìkì kù máa jẹ nítorí egungun rẹ̀.

Bàbá awakọ̀ kan nínú wa yọ mílíìkì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ìyàtọ̀. A ò ní kó yọ nǹkan mìíràn mọ́, ilé ìwòsàn la ní kó lọ. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n rí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń rù láìnídìí, tó ní ibà, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń ya bí omi tí kò dáwọ́ dúró, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan, dókítà ni kó lọ rí. Kí ẹnikẹ́ni má yọ oúnjẹ fún ọmọdé, kí aláboyún tàbí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ má sì yọ ọ́, láìbi òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹni tí ètè tàbí ọ̀fun rẹ̀ bá wú nígbà kan rí tó jẹ ẹ̀pà, edé tàbí ẹyin, kó má dán an wò nílé láé. Èyí lè pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìwé kékeré wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ní iye tí a rà á. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú wà níwájú yín, torí ẹ ò ní mọ ohun tí wọ́n fi se oúnjẹ òde. Ẹni tó bá ti ṣe é, kó mú ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ìyá aláṣọ ti gbà láti mú tirẹ̀ wá kí ẹ rí i.