Ẹ Yà Kí Opó Kẹ́ Ẹ Tó Lọ sí Gálílì

Ẹ̀yin ọmọ wa l'Óde-Ayé, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wálé ọdún Àjíǹde láti Èkó, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ojú lásán ni ọ̀pọ̀ yín ń rín. Ìwé-ẹ̀rí wà nínú àpótí, iṣẹ́ ò sí.

Ẹ fara balẹ̀ ka Jòhánù orí 20. Lálẹ́ ọjọ́ Àjíǹde gan-an, inú ilé tí wọ́n tì pa ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn wà, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Jésù ò bá wọn wí. Àlàáfíà ló fi kí wọn, ó sì fi ọwọ́ tí ìṣó lù hàn wọ́n. Ó jíǹde, àpá ò parẹ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí oníwàásù kankan sọ fún yín pé ẹni tó ń sunkún ò nígbàgbọ́.

Ẹ wo Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu, ọdún 2022, àwọn agbébọn pa nǹkan bí 40 èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis. Ọjọ́ Àjíǹde 2023 ni wọ́n tún ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún ìsìn. Ìrètí Àjíǹde nìyẹn, kì í ṣe ti ańkárá tuntun (ẹ wọ̀ ọ́ o, ó yẹ yín).

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Gálílì, ìyẹn ìgbafẹ́ ọdún, ẹ yà nílé opó àdúgbò yín. Ẹ bá a pọnmi, ẹ jẹ pupuru lọ́dọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Ẹni tó bá sì ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yodì nítorí oko ọ̀pẹ, kó tètè lọ kí i kí aago ṣọ́ọ̀ṣì tó lù.