Ẹ fẹ́ di olùkọ́ ìṣirò kíákíá? Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín

Bí èèyàn bá rìn láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Ìdí-Orò, tàbí tó gba inú Àgúdà kọjá ní Sùúrùlérè, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí pátákó ilé ẹ̀kọ́ àfikún, èyí tí gbogbo wa ń pè ní lẹ́sìnnì. WAEC, NECO, JAMB, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń tò síbẹ̀. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó ni irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí àwọn tó ní iléewé aládàáni kéékèèké ní Mùṣín, pé olùkọ́ wo ló ṣòro fún wọn jù láti rí. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò sọ pé ti ìṣirò ni. Ẹni tó mọ ìṣirò dáadáa, báńkì ń wá a, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń wá a, iléewé ńláńlá náà ń wá a.

Ọ̀rọ̀ òwò lọ̀rọ̀ yìí o. Bí ọmọ oníbàárà yín kò bá gba kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, òbí rẹ̀ kò ní rántí pé ọmọ náà ṣe dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ibòmíì ni yóò gbé àbúrò rẹ̀ lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé lónìí bí èèyàn ṣe lè di olùkọ́ ìṣirò ní iléewé sẹ́kọ́ńdìrì láìfi àkókò ṣòfò, yálà ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ lọ kàwé náà, tàbí òṣìṣẹ́ yín lẹ fẹ́ rán lọ.

Ìwé ẹ̀rí ló máa sọ iye ọdún

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ọ̀nà tó yá fún Táyé lè má yá fún Kẹ́hìndé. Ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ oníkálukú ló máa sọ ọ́.

Ẹni tó ní WAEC tàbí NECO nìkan, tó ní kírẹ́díìtì 5 tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú wọn, yóò ṣe ìdánwò JAMB, yóò sì lo ọdún 4 ní yunifásítì kó tó gba dìgírì ẹ̀kọ́ ìṣirò, èyí tí wọ́n ń pè ní B.Sc.(Ed.).

Ẹni tó ti ní NCE nínú ìṣirò kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. JAMB ní fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ Direct Entry. Òun ló máa gbà, yóò sì wọ ìpele kejì tààrà, èyí tí wọ́n ń pè ní 200 level. Ọdún 3 ló kù fún un.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìṣirò ṣe. Wọ́n á ní NCE ló yá jù torí ọdún 3 péré ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ibi tí ẹ ń lọ bá jẹ́ dìgírì, ọdún 3 NCE àti ọdún 3 Direct Entry jẹ́ 6, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó gba JAMB lọ tààrà yóò lo 4. Àǹfààní NCE ni pé èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kẹta, kó máa fowó iṣẹ́ ran ẹ̀kọ́ tó kù lọ́wọ́. Ẹ sì rántí pé iléewé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì ni NCE wà fún. Ẹni tó fẹ́ kọ́ àwọn tó ń múra WAEC nílò dìgírì.

Àwọn tó kù ni àwọn tó ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀. Wọ́n pọ̀ láàárín ẹ̀yin oníṣòwò. Ẹ kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ, físíìsì, sítátísítíìkì tàbí ìṣirò fúnra rẹ̀, ẹ kò ríṣẹ́, lẹ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kò nílò dìgírì tuntun. PGDE ni tiyín, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni fún ẹni tó ti jáde yunifásítì. Ó sábà máa ń gba ọdún 1 fún ẹni tó bá ń lọ lójoojúmọ́, ó sì lè tó ọdún 2 fún ẹni tó ń ṣe é pẹ̀lú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ibi ń gba HND náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè irú èsì tí wọ́n fẹ́ kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù.

Ibi tí ẹ lè lọ

Ilé ẹ̀kọ́ kò jìnnà sí wa rárá. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Akọka, Yábà. Láti 1974 ni wọ́n ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè máa wá lójoojúmọ́, ìṣirò sì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ̀ka náà ló di Distance Learning Institute. Akọka náà ni Federal College of Education (Technical) wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967.

Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pa kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin àti èyí tó wà ní Nọfọrija, Ẹ̀pẹ́, pọ̀, wọ́n sì sọ wọ́n di yunifásítì ẹ̀kọ́, LASUED. Àwọn tí kò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lè wo National Teachers' Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ láti ibi tí wọ́n wà, tàbí NOUN, yunifásítì tí kò ní kí èèyàn wá jókòó sí kíláàsì lójoojúmọ́. Ètò sandwich náà wà, tó jẹ́ pé àsìkò ìsinmi iléewé ni wọ́n ń kàwé. Èyí dára fún tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ sá fún dìgírì ọ̀sẹ̀ 6

Àwọn àgbà ní kò sí ọ̀nà àbùjá lọ́run ọ̀pẹ, ìdí rẹ̀ la ti ń gùn ún. Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn kan tú àṣírí bí òun ṣe gba dìgírì láàárín ọ̀sẹ̀ 6 péré ní Kútọnu, tí òun sì tún bá wọn ṣe àgùnbánirọ̀. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ní oṣù kìíní 2024, tí ìjọba àpapọ̀ fi ní àwọn dáwọ́ dúró ná lórí yíyẹ ìwé ẹ̀rí tó wá láti Benin àti Togo wò. Àwọn tó fi ọdún mẹ́rin kàwé wọn lóòótọ́ níbẹ̀ bá wọn fara gbá a.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí tí kò níyì kì í ṣe tuntun ní Yábà. Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó ṣí Yaba Higher College ní 1934, wọ́n ń kọ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, ṣùgbọ́n dìpúlómà ni wọ́n ń fún wọn, kì í ṣe dìgírì. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn láti ta kò ó, ẹgbẹ́ yẹn ló sì di Nigerian Youth Movement. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá lo ọ̀pọ̀ ọdún, tó wá gba ìwé tí agbanisíṣẹ́ kò kà sí, ti fi àkókò rẹ̀ ta ọ̀pọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè bóyá NUC ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà ní yunifásítì, tàbí NCCE bó bá jẹ́ NCE. Ẹ sì béèrè bóyá TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1993, yóò gba ìwé ẹ̀rí náà.

Ohun tí kò ṣeé gé kúrú

Ẹ̀kọ́ lè yá, àmọ́ ìdánrawò nínú kíláàsì kò ṣeé fò. Mímọ ìṣirò yàtọ̀ sí mímọ bí ọmọ ṣe ń ṣì í. Ẹ ní kí ọmọ ro ½ pọ̀ mọ́ ⅓, ó lè kọ 2/5 sílẹ̀. Ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Tíṣà tí kò kọ́ṣẹ́ yóò fa ìlà pupa sí i, yóò ní 5/6 ni ìdáhùn, yóò sì kọjá lọ. Olùkọ́ gidi yóò mú un lọ sọ́jà: bí ẹ bá ra ìdajì kóńgò gààrí, tí ẹ tún ra ìdá kan nínú mẹ́ta lé e, ṣé ohun tó wà nínú àpò yín lè dín sí ìdajì? 2/5 kò tó ìdajì. Ọmọ náà yóò rí i fúnra rẹ̀ pé nǹkan ti wọ́. Irú èyí ni wọ́n ń kọ́ni nínú PGDE àti B.Sc.(Ed.), ohun tí òbí sì ń sanwó fún nìyẹn.

Ẹni tó bá sì ń rò pé ọjọ́ orí ti lọ, kó rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams, tó jáde láyé ní 2022. Tíṣà ìṣirò ni ní Queen's School, Ẹdẹ, láti 1954 sí 1957. Ní 1963 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń darí Institute of Education ní Yunifásítì Èkó, ó dá ètò sílẹ̀ tó jẹ́ kí àwọn obìnrin tó ti dàgbà, tí wọ́n ń ṣe tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lè gba sátífíkéètì. Akọka náà ló ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó rẹ̀

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà níbì kankan. Ká ní ọmọ 24 wà ní ilé lẹ́sìnnì yín, tí oníkálukú ń san ₦8,000 lóṣù. ₦192,000 nìyẹn. Bí ọmọ 6 bá lọ torí ìṣirò, ₦48,000 ti bọ́ lọ́wọ́ yín lóṣù. Láàárín oṣù 10, ó di ₦480,000.

Ká wá ní owó PGDE òṣìṣẹ́ yín, pẹ̀lú owó ọkọ̀, ìwé àti ọjọ́ tí kò ní lè wá síbi iṣẹ́, jẹ́ ₦360,000 lọ́dún kan. Bí ẹ bá pín in sí oṣù 12, ₦30,000 lóṣù ni. Ó kéré sí ohun tó ń bọ́ sọnù. Àmọ́ ẹ má tan ara yín: àwọn ọmọ 6 yẹn kò ní padà lọ́jọ́ tó bá wọlé ẹ̀kọ́. Ẹ ní láti ní owó tí yóò gbé yín títí yóò fi parí. Ẹ má sì yá owó èlé gọbọi nítorí rẹ̀. Iye tòótọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ bá yàn ń gbà ni kí ẹ fi rọ́pò tiwa, kí ẹ tún un ṣírò.

Bó bá wá lọ ńkọ́?

Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ onílé ẹ̀kọ́ nìyí, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Láti oṣù kejì 2023, orílẹ̀-èdè England ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mélòó kan míì pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ bí olùkọ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n níbẹ̀, ìṣirò sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ. Olùkọ́ ìṣirò tó níwèé ẹ̀rí ti di ọjà tó ń tà.

Ẹ kọ ìwé àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Bí ẹ bá san ìdajì owó náà, tó sì ṣèlérí láti bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún 2, ẹ kọ iye tí yóò dá padà sílẹ̀ bó bá lọ lẹ́yìn oṣù 6, àti bó bá lọ lẹ́yìn ọdún 1. Ẹ má gba sátífíkéètì rẹ̀ fi dógò, ìyẹn kò dáa. Ẹ fi owó tó pọ̀ díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀ nígbà tó bá parí, torí ẹni tí inú rẹ̀ dùn ló ń dúró pẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí ni pé kí ẹ ṣí àpótí, kí ẹ wo ìwé ẹ̀rí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tiyín tàbí ti tíṣà yín. Bó bá jẹ́ WAEC, ọdún 4 ni. Bó bá jẹ́ NCE, ọdún 3. Bó bá jẹ́ dìgírì tó ní ìṣirò nínú, ọdún 1 tàbí 2 péré ló kù. Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ ìṣirò tí ẹ ti ń wá kiri látọjọ́ yìí ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín.