Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ilé Tí A Fi Rẹ́ǹtì àti Ohun Tó Ń Bà Á Jẹ́

Púpọ̀ nínú wa ló fi owó ọjà àti owó àjọ kọ́ ilé, pé tí ẹsẹ̀ ò bá lè gbé wa dé ìsọ̀ mọ́, owó ilé la ó máa jẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ata ṣe ń rà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tí ojú òkè ṣì ń dán, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ń ṣe.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni mo ní n'Ìbàdàn níhìn-ín, ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Ní ìgbà òjò kan, ayálégbé mi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òrùlé wa ti ń jò o." Nínú ọkàn mi, mo ní ó ń wá ọ̀nà àtiyẹ owó ilé sílẹ̀ ni. Mo ní kó ní sùúrù di ẹ̀ẹ̀rùn. Àṣé rọ́bà ìdí ìṣó pánù méjì péré ló jẹ. Omi ń gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì, amọ̀ inú ń rọ̀, ojú ìta ò sì fi nǹkan kan hàn. Ọjọ́ tí ògiri ya lulẹ̀, Ọlọ́run ló yọ àwọn ọmọ náà, wọ́n wà ní ilé ìwé. Ikán ti jẹ igi àjà tán. Iṣẹ́ tí kápẹ́ńtà ìbá fi ìṣó díẹ̀ ṣe, owó ilé ọdún méjì ló bá a lọ. Obìnrin náà ni mo kọ́kọ́ bínú sí, kí n tó rántí pé ó ti sọ fún mi.

Nítorí náà, omi la ó kọ́kọ́ máa wò: òrùlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, gọ́tà, ìdí ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé kó lọ wò ó lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Ẹ ò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti 31 August 1980, àti ti 26 August 2011 tó tún gbé ilé àti afárá lọ n'Ìbàdàn. Ilé tó bá wà létí odò, ayálégbé kọ́ ló máa bà á jẹ́.

Iná ló tẹ̀ lé e. Wáyà tí a rà fún gílóòbù kan, fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti sítóòfù oníná ti wà lórí ẹ̀ lónìí. Ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ má gba jẹnẹrétọ̀ láyè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun.

Tí ẹ bá fẹ́ fún ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́, ẹ jọ yí ilé ká. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ilẹ̀kùn mélòó, gíláàsì fèrèsé mélòó, èwo ló ti là. Kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i, ẹni tí ò mọ̀wé kó tẹ̀ka. Kí ọ̀dà ṣá, ti onílé nìyẹn. Kí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, ti ayálégbé ni. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí onílé tó bá gba owó sílẹ̀ fún ìbàjẹ́ fún ayálégbé ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin yẹn náà ló ka wíwó ilé láti fi lé ayálégbé jáde sí ẹ̀ṣẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣí pánù lórí èèyàn, ara yín lẹ ń jẹ níyà.)

Ní ti adójútòfò, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: ṣé iná nìkan ni, àbí omíyalé wà níbẹ̀? Wọn kì í sábà sanwó lórí jíjò tó ti pẹ́ àti ohun tó gbó.

Èmi ti ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ilé fún àtúnṣe, n kì í fi ra ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìwé tí mo ń lò fún àwọn ayálégbé mi, kó wá sí ìsọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́, màá bá a dà á kọ.