TA NI Ó LẸ́TỌ̀Ọ́ LÁTI GBA Ẹ̀SAN Ẹ̀JẸ̀?

Ìbéèrè tí ọmọ kéú wa kan bi wá lẹ́yìn ìrun Mágíríbì ni ó bí ẹ̀kọ́ oṣù yìí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sango. Ó mọ ọ̀kan nínú wọn, ó sì mọ ilé rẹ̀. Ó ní, "Àfáà, ṣebí ẹ̀mí ni Àlùkùránì ní kí a fi san ẹ̀mí? Bí mo bá lọ, ṣé mo jẹ̀bi?" A ní kí ó jókòó ná.

Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ọmọ náà gbọ́. Nínú Súrátù Bákárà, áyà 178, níbi tí Ọlọ́hun ti ṣe kísáásì ní òfin, ibẹ̀ náà ni Ó ti ṣílẹ̀kùn àforíjì àti owó ẹ̀mí tí à ń pè ní díyà. Nínú Súrátù Isrá, áyà 33, Ó fún ẹbí ẹni tí wọ́n pa ní àṣẹ, Ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má kọjá ààlà. Àwọn ẹbí ni wọ́n ń béèrè ẹ̀tọ́. Adájọ́ ni ó ń gbọ́ ẹ̀rí, aláṣẹ ni ó sì ń mú un ṣẹ. Àgbà onímọ̀ nì, Al-Qurtubi, sọ pé àwọn onímọ̀ kò jiyàn lórí èyí. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n: ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọba ni, kì í ṣe àbúrò òkú.

Ní ayé àìmọ̀kan àwọn Lárúbáwá, bí wọ́n bá pa ẹnì kan, ìran apànìyàn náà lódindi ni wọ́n máa ń dojú kọ. Ní ọdún 10 Híjírà (632), nínú wáàsí ìdágbére, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fagi lé gbogbo ẹ̀san ẹ̀jẹ̀ ìgbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ta ni ó kọ́kọ́ fagi lé? Ti ọmọ Rabia, ìbátan tirẹ̀, tí àwọn Hudhayl pa. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹlòmíràn. Wahshi tí ó pa Hamza, àbúrò bàbá rẹ̀, ní ogun Uhud wá gba Ìsìláàmù. Ànábì kò pa á, ṣùgbọ́n ó ní kí ó máa yẹra fún ojú òun. Ẹ wò ó, kò díbọ́n pé kò dun òun.

Ọ̀rọ̀ tí ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti taya àti bẹntiróòlù. Kí ẹnì kan ṣáà ti pariwo "Olè!" lábẹ́ afárá Sango tàbí ní Ojú-Ọrẹ, àwọn tí wọ́n ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ láti iléeṣẹ́ yóò sáré dé, wọn kò ní béèrè ohun tí ó jí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin ni èrò pa báyìí ní Aluu, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní 2017, kóòtù dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n ṣe é. Ọlọ́pàá ni ọ̀kan nínú wọn. Sàyídínà Umar náà pa àwùjọ kan nítorí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n pawọ́ pọ̀ pa ní Yemen. Nítorí náà, ẹni tí ó ra bẹntiróòlù kí ó má ṣe sọ pé èrò pọ̀.

Ìjọba ńkọ́? A kò bá òfin Ọlọ́hun jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2002, wọ́n yẹgi fún Sani Yakubu Rodi ní Kaduna, lẹ́yìn tí kóòtù Ṣàríà Katsina dá a lẹ́bi pé ó pa obìnrin kan àti ọmọ méjì. Kò ní lọ́yà. Nígbà tí ọdún 2022 ń parí, àwọn tí wọ́n ń retí ikú ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ju 3,000 lọ. Mélòó nínú wọn ni ó rí ẹni gbẹnu sọ fún un? Àwọn onímọ̀ wa sọ pé iyèméjì máa ń dá ọwọ́ adájọ́ dúró. Ní tiwa, ẹ̀rù máa ń bà wá bí a bá gbọ́ pé lílù ni wọ́n fi gba ẹ̀rí lẹ́nu tálákà.

Ọmọ náà padà wá ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Bàbá rẹ̀ àti ìmáàmù àdúgbò wọn ti bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti kọ orúkọ náà sílẹ̀. Inú ṣì ń bí i. A kò bá a wí fún ìyẹn.