Ìdọ̀tí Tí A Kó Níwájú Ènìyàn

Ibi Kíkà: Nehemáyà 3:28-30, 4:6-10, Mátíù 5:14-16, 6:1-4

Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ìyàtọ̀ láàrin iṣẹ́ rere tí ń pe ẹlòmíràn wá sí iṣẹ́, àti èyí tí ń wá ìyìn.

Àlàyé Ẹ̀kọ́

1. Ìpè náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ọkùnrin kan ní Arizona ní Amẹ́ríkà fi àwòrán méjì sí orí Facebook: ibi tí ìdọ̀tí kún, àti ibi kan náà lẹ́yìn tí a kó o tán. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ lọ ṣe bẹ́ẹ̀. #trashtag ni a ń pe ìpè yìí. Láti ọdún 2015 ni orúkọ náà ti wà, ṣùgbọ́n ìgbà yìí ni ó tàn ká ayé. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn ènìyàn kó ọ̀rá àti ike ní etí òkun àti ẹ̀bá ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀.

2. Ṣé ó burú kí a rí wa? Nínú Mátíù orí 5, Jésù fẹ́ kí a rí iṣẹ́ rere wa. Ní orí 6, ó kìlọ̀ nípa ṣíṣe é kí a lè rí wa. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ìdí tí a fi ṣe é ni ó yàtọ̀. Àwòrán kan ń wí pé, “Ẹ wá bá wa ṣe é”, òmíràn ń wí pé, “Ẹ wò mí.”

3. Lẹ́yìn àwòrán ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, agbẹjọ́rò kan, Afroz Shah, àti àgbàlagbà aládùúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó ìdọ̀tí etí òkun Versova ní Mumbai, ní Íńdíà. Àwọn méjì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dara pọ̀ mọ́ wọn, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, a rí ọmọ ìjàpá òkun tí wọ́n pa níbẹ̀, tí wọ́n ń rá lọ sínú omi. Síbẹ̀, bí òjò bá dé, òkun a tún gbé ike wá. Bẹ́ẹ̀ ni agbára àwọn aláàárù ìgbà Nehemáyà ṣe rẹ̀ nítorí àwókù pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Olúkúlùkù tún ọ̀kánkán ilé tirẹ̀ ṣe. Gọ́tà iwájú ilé wa ńkọ́?

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Bí a bá kó ìdọ̀tí àdúgbò jọ, níbo ni a ó kó o lọ, ta ni yóò sì gbé e?
2. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ya àwòrán, ṣé a ó tún padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀?