Oògùn Ọkàn àti Orí Pípá: Ìbéèrè Mẹ́ta Kí A Tó Dá Oògùn Lẹ́bi

Ọkùnrin kan tó ti lé ní ọmọ ọdún 50 bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó yarun lówùúrọ̀, ó sì rí i pé irun tó wà lára òòyà ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé oògùn yìí ló fẹ́ sọ òun di apárí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, torí ẹni tó bá tìtorí irun pa oògùn ọkàn tì lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí irun ṣe ń hù. Irun orí èèyàn tó nǹkan bí 100,000, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dàgbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbòǹgbò irun kọ̀ọ̀kan dà bí ilẹ̀ oko tí a ń dá, tí a sì tún ń fi sílẹ̀ kó sinmi. Ìgbà ìdàgbà rẹ̀ máa ń tó ọdún 2 sí 6. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò lo bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 láti yí padà, yóò sì sinmi fún nǹkan bí oṣù 3 kí irun àtijọ́ tó já, kí tuntun tó gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irun 50 sí 100 fi lè máa já lójúmọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Oògùn kan lè mú kí ọ̀pọ̀ gbòǹgbò tó ń dàgbà lọ́wọ́ lọ sinmi lójijì. Telogen effluvium ni àwọn oníṣègùn ń pe èyí. Lára àwọn oògùn ọkàn tó lè fà á ni propranolol, atenolol àti metoprolol, tí wọ́n jẹ́ ẹbí beta-blocker. Warfarin àti heparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wà lára wọn pẹ̀lú. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lo oògùn wọ̀nyí ni irun wọn ò ní yí padà rárá.

Orí pípá ti ọkùnrin yàtọ̀ sí èyí. Nínú ara ọkùnrin, èròjà kan tó ń jẹ́ 5-alpha reductase ń sọ họ́mọ̀nù testosterone di DHT. Ẹni tó bá jogún gbòǹgbò irun tí DHT ń yọ lẹ́nu, láti ìdílé bàbá tàbí ti ìyá, gbòǹgbò náà á máa sún kì díẹ̀díẹ̀, irun á máa tín-ín-rín, á sì máa kúrú. Ní ọdún 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ọkùnrin kan ní Dominican Republic tí wọn ò ní èròjà yìí tó láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Orí wọn kì í pá. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ló ṣí ọ̀nà fún oògùn finasteride, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún orí pípá ní ọdún 1997.

Ìbéèrè mẹ́ta ló lè ràn wá lọ́wọ́ láti dá méjèèjì mọ̀.

Èkínní, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ oògùn ni, oṣù 2 sí 4 lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni irun sábà máa ń já. Ẹni tó gbé oògùn mì lánàá, tí irun rẹ̀ ń já lónìí, kó wá ẹlẹ́bi mìíràn. Orí pípá ní tirẹ̀ máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Èkejì, ibo ló ti ń já? Ti oògùn máa ń kárí orí. Orí pípá a máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bátí àti àtàrí, irun ẹ̀gbẹ́ àti ti ìpàkọ́ á sì ṣẹ́ kù.

Ẹ̀kẹta, irun wo ló ń já? Ẹ mú ọ̀kan lára òòyà, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Irun tó gùn dáadáa, tí kókó funfun kékeré wà nídìí rẹ̀, ti parí ìsinmi rẹ̀ kó tó já. Bó bá jẹ́ fọ́nrán kúkúrú tó tín-ín-rín ló pọ̀, orí pípá ni kí ẹ fura sí. Méjèèjì sì lè pàdé lórí ẹnì kan ṣoṣo: ohun tí oògùn gbọ̀n dà nù lè tú àṣírí orí pípá tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Oògùn ọkàn kan tiẹ̀ wà tó ń hu irun. Ilé iṣẹ́ Upjohn ní Amẹ́ríkà ló ṣe minoxidil, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún ẹ̀jẹ̀ ríru tó le koko. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú àti lápá àwọn tó ń lò ó, wọ́n bá sọ ọ́ di oògùn olómi tí a ń fi pa orí, wọ́n sì fọwọ́ sí ìyẹn fún ọkùnrin ní ọdún 1988. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń gbé mì máa ń mú kí omi dúró sára, kí ọkàn sì máa sáré. Kí ẹni tí ọkàn ń dà láàmú má ṣe dá a rà ní kẹ́míìsì láìbi dókítà rẹ̀.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó bá dá beta-blocker dúró lójijì, àyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọkàn rẹ̀ sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá pa warfarin tì, ẹ̀jẹ̀ lè dì, kó sì fa rọpárọsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó bá jẹ́ oògùn ló fa irun jíjá, dókítà lè fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀, irun á sì hù padà láàárín oṣù mélòó kan.

Torí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn sílẹ̀, ẹ kọ ìgbà tí irun bẹ̀rẹ̀ sí í já àti ibi tó ti ń já. Ẹ fi ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ sí ara yín láàárín oṣù 4 sẹ́yìn kún un: ibà líle, iṣẹ́ abẹ tàbí rírù lójijì, torí àwọn náà ń fa irun jíjá. Ẹ mú ìwé náà dání lọ bá dókítà, kí ẹ sì máa lo oògùn yín lọ títí ẹ ó fi rí i.