Bí Bọ́ọ̀sì Rẹ Bá Ń Ké Lórí Ìdúró

Àbúrò mi, sún mọ́ mi. Ṣé o mọ bọ́ọ̀sì ògbólógbòó tí mo tẹ́ fóòmù sẹ́yìn rẹ̀, tí mo fi ń nájà láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, tí mo sì ń sùn sínú rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú? Díẹ̀ ló kù kó sọ mí di ẹni ẹ̀rín. Bí mo bá gbé e dúró ní Ìkàrẹ́ Junction, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni pé mo tẹ iná mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò sì sí níbẹ̀ rárá. Bó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, á dákẹ́ bí ìyàwó tí ìyá ọkọ wá kí. Ẹnì kan ní kí n lọ ra brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Èrè iṣu tí mo ń tà kò lè tó o ra!

Ìwé gbèsè mi ló yọ mí. Gbogbo ìgbà tó bá ké ni mo ń kọ ọ́ síbẹ̀: ṣé ó ti gbóná, àbí ó ṣì tutù? Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ó ti hàn pé ìgbà tó bá gbóná dáadáa nìkan ló ń ké.

Bó bá ké díẹ̀ láàárọ̀, má fòyà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tútù ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá gbóná tán, nǹkan bí 700 sí 900 ló yẹ kí abẹ́rẹ́ RPM wà. Bó bá ga ju ìyẹn lọ, ó ṣeé ṣe kí nǹkan há, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa gba ibi tí kò yẹ wọlé.

Pa ọkọ̀, tẹ iná, kí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀: ṣé wáyà rẹ̀ ń padà fúnra rẹ̀? Ṣé kápẹ́ẹ̀tì kò dí i lọ́wọ́? Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, wo omi rádíétọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota àtijọ́, bí omi bá dín, ẹ́ńjìnnì á máa ṣe bí ẹni pé òtútù ṣì ń mú un. Má ṣí rádíétọ̀ ní gbígbóná o!

Lẹ́yìn náà, ká ìró rẹ mọ́ ìdí, nítorí béélìtì fáànù kò mojú ẹnikẹ́ni. Fa bíréèkì ọwọ́, tan ọkọ̀, jẹ́ kó gbóná kó sì máa ké, kí o wá máa kán omi ọṣẹ sára àwọn rọ́bà afẹ́fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ìkẹta, ó fa ọṣẹ náà mu, ohùn ẹ́ńjìnnì sì rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́ ni rọ́bà náà ti sán, níbi tí ojú kò tó. Bó bá tutù, ojú rẹ̀ á pa dé. Bí ooru bá mú un rọ̀, á là.

Bí rọ́bà bá dára, ní kí wọ́n fọ fáàfù afẹ́fẹ́ ìdúró. Èédú máa ń dí i. Jọ̀ọ́, má ra ohunkóhun kí o tó mọ ìgbà tó ń ké. Brain box mi kò ní àléébù kankan.